Inú Igbá La Wò Lọ́dún Yìí

Ọyẹ́ ti gba ìlú Ọ̀yọ́. Ètè ń ya, gìgísẹ̀ ń ya, igbá tí wọn kò gbẹ dáadáa náà ń sán lórí àtẹ. Fún ẹni tó ń wá oníṣẹ́ ọnà tuntun kiri bíi tiwa, ìgbà yìí gan-an ló yẹ kó ṣírò ọdún, nítorí ohun tí òjò bá fi pamọ́, ọyẹ́ ló ń tú u síta.

Àwọn tuntun tí a mọ̀ lọ́dún yìí kò kéré: àwọn ọ̀dọ́ tó ń fín igbá, àwọn oníṣẹ́ awọ, àwọn ayàwòrán tó ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì ya tiwọn ní àyíká yunifásítì LAUTECH l'Ógbómọ̀ṣọ́. Orí WhatsApp àti Instagram la ti kọ́kọ́ rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Fọ́tò wọn dùn-ún wò, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í fi inú igbá hàn. Ohun kan tó wá di àṣà wa kí ọdún tó dé ìdajì ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa, kí ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ láìjiyàn, a máa ń bá a lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, a máa ń dúró ná.

Igbá ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, òun ni Ọ̀yọ́ fi ń yangàn. Kí ọ̀bẹ tó kàn án rárá ni ọ̀pọ̀ igbá ti bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ká kó tó gbó, tí ìtàkùn rẹ̀ ṣì tutù, á máa súnkì bó ṣe ń gbẹ, etí rẹ̀ á wọ́, ọmọrí kò sì ní bá ìyá rẹ̀ mu mọ́. Ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀ lẹ́bàá etí. Bó bá jin wọlé, kò gbó. Ẹ tún fi ìka kàn án: igbá tó gbó tó sì gbẹ á dún kó, kó, bí ilẹ̀kùn. Èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀ á dún bọ̀, ohùn rẹ̀ kò ní jáde.

Lẹ́yìn náà, ó kan inú rẹ̀. Bí wọ́n bá la igbá tán, wọ́n á rì í sómi kí ẹran inú rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á wá ha á kúrò. Àwọn tó ń kánjú kì í ha á tán. Ìwọ̀nba fọ́nrán tó bá kù ní ìdí igbá ló ń fa ọ̀rinrin mọ́ra nígbà òjò. Ibẹ̀ ni èéhù dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ẹ fi ọwọ́ ra inú rẹ̀ yíká. Ó yẹ kó jọ̀lọ̀ bí inú àwo. Èéhù tó wà lójú lásán, a máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, ká sì sá igbá náà sí oòrùn àárọ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan la kì í fún un, torí ẹ̀gbẹ́ kan á yára gbẹ ju èkejì lọ, á sì sán.

Nínú igbá àdému, ìyẹn èyí tó ní ọmọrí, méjìlá tó wọlé nígbà òjò, mẹ́ta sán nígbà tí ọyẹ́ dé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí wọ́n ti fín jinlẹ̀ jù ni wọ́n ti sán.

Ẹ wo èyí tí kò sán, òun ló wà níwájú wa bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, nínípọn etí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6. Ẹni tó fín in fi kọ́ńpáàsì fa òbìrí mẹ́ta sí i, ó pín etí rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ, alángbá kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn kọ orí sí ìdí igbá. Kò fọwọ́ kan alángbá fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká ló ha kúrò títí funfun abẹ́ èèpo fi yọ, alángbá wá dúró sókè ní àwọ̀ igbá. Kó tó gbé ọ̀bẹ, ó fi aṣọ tútù bo igbá náà mọ́jú, torí èèpo gbígbẹ máa ń ta lẹ́nu ọ̀bẹ, ìrù alángbá á sì gé. Ìrù yẹn ni kí ẹ máa wò. Bí ọ̀bẹ bá ti kú, ìrù ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Gígé rẹ̀ kò ju mílímítà 2 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn igbá. Èyí tó bá lé ní ìdajì, ọyẹ́ á bá a wí.

Ní ti àwọ̀, àwọn kan ń fi osùn pa á lára, wọ́n á fi ẹfun dí ojú gígé. Àwọn kan sì ti ń fi fáníìṣì kun ún lójú àti nínú kó lè máa dán nínú fọ́tò. Fún igbá ìyàwó tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹun nínú rẹ̀, kò burú. Igbá tí ẹ fẹ́ máa fi mu gààrí ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n fi inú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ awọ kò gba àkókò wa tó bẹ́ẹ̀. Ìlú tó ti ń rán àpò làbà fún àwọn adósù Ṣàngó láti ayé àtijọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó mọ awọ. Rẹ́síìnì, awọ àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní awọ gidi, ló ń da ni láàmú. Ẹ yí òun náà padà: ẹ̀yìn awọ ewúrẹ́ gidi rí fúlẹ́fúlẹ́, ẹ̀yìn rẹ́síìnì ní aṣọ híhun. Kí ẹ tó sanwó àwọ̀ pupa, ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tìmùtìmù tó ń ṣí àwọ̀ máa ń bá aṣọ àlejò lọ sílé.

Àwọn ayàwòrán ló wú wa lórí jù. Àwọn tí a dúró lọ́dọ̀ wọn ni àwọn tó ń ti ara igbá, aṣọ àti ògiri ilé àtijọ́ mú ọnà tiwọn jáde, bí ẹgbẹ́ ayàwòrán tó ń jẹ́ Ọnà, tí Moyọ̀ Òkédìjí àti Kúnlé Fìlání wà nínú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1989. Ibi tí àwọn ayàwòrán tuntun yìí ti ń kọsẹ̀ kì í ṣe ọwọ́, fọ́ńtì ni, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ọ, ẹ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀, ọ́, ẹ̀ àti ẹ́ kò ní. Ṣe ni kọ̀ǹpútà ń to àmì lé orí lẹ́tà. Fọ́ńtì tí kò mọ iṣẹ́ yìí á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó bá sú ayàwòrán, á yọ gbogbo àmì kúrò, ọkọ ìyàwó á di oko lórí káàdì ìpè. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń ní kí wọ́n fi fọ́ńtì náà tẹ "Ògbómọ̀ṣọ́" fún wa rí. Noto Sans ń gbà á. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ológe kì í gbà á, nígbà náà kí ayàwòrán fi ọwọ́ ya lẹ́tà rẹ̀, èyí tó sì máa ń dára jù lójú tiwa.

Àwòrán A4 tí yóò tẹ̀ dáadáa ní 300 dpi (tóótó 300 nínú íǹṣì kan) gbọ́dọ̀ tó píkísẹ́lì 2480 sí 3508. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Aró tó ń tàn lójú fóònù á ṣókùnkùn lórí bébà, torí iná ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, tàdáwà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó tẹ àádọ́ta.

Ní ti owó, ìdajì ṣíwájú, àtúnṣe méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kẹta ń gba owó. Owó iṣẹ́ kọ́ ni owó ẹ̀tọ́ o: lábẹ́ òfin 2022 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àtinúdá ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ àwòrán wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ náà láti máa tẹ̀ ẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì tà, inú ìwé ni kó wà, kì í ṣe ẹnu.

Igbá mẹ́ta tó sán yẹn ṣì wà nílé. Ẹni tó máa bá wa tún wọn ṣe ní kí a fi aṣọ tútù wé etí wọn lálẹ́ ọjọ́ tí a bá ń bọ̀, torí bí wọ́n bá dá ihò sí igbá gbígbẹ, sísán náà á tún gùn sí i. Ihò wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìko ni wọ́n á fi rán an, kasẹ á bo ojú rẹ̀. Ó di lẹ́yìn ọdún tuntun.