Bàbá Tíṣà Ògbufọ̀

Àlejò wa láti Manchester ló ń wàásù níbi àìsùn ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ ìlú wa ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun alára ò gbọ́ Yorùbá ju ‘ẹ káàárọ̀’ lọ, Bàbá Tíṣà ló ń túmọ̀ fún un. Èmi ni mo wà nídìí sípíkà àti jẹnẹrétọ̀. Orí agbára ni ìwàásù dá lé. Bí àlejò bá ti ní ‘power’ báyìí, Bàbá Tíṣà á ké ‘Agbára!’, ìjọ á ṣe ‘Àmín!’ Nígbà tó yá, bàbá ò dúró gbọ́ gbólóhùn tán mọ́.

Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Ká ní ọmọ ilé ni, ‘They have taken light’ ni ì bá wí, bí ẹni pé olè ló wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì ní mira. Tàbí kó ní NEPA ti tún ṣe é. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, tó di PHCN ní 2005, tí wọ́n pín tà ní 2013, orúkọ rẹ̀ náà la ṣì ń pè. Àlejò ní tirẹ̀ rọra wí pé, ‘I think we've had a power cut.’

‘Wọ́n ti gé agbára wa!’

‘A kọ̀ ọ́!’ Ìjọ dìde. Gèlè ń bọ́, ìlù ń ṣubú, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí iná ọ̀run jó ẹni tó gé e.

Àlejò fẹ́ pẹ̀tù sí i: ‘No, no, it's only a blackout!’

‘Ó ní òkùnkùn biribiri ni!’

Àdúrà wá le. Mo sáré jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀, okùn já mọ́ mi lọ́wọ́, mo fìdí jókòó sínú bàsíà omi ìfọwọ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ọ: ‘It must be the grid!’ Òótọ́ ló sọ o. Grid ni okùn iná tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, tí wọ́n ń darí láti Òṣogbo; bó bá ti ṣubú, Ìkẹ́rẹ́ àti Kánò a jọ sùn nínú òkùnkùn ni. Ṣùgbọ́n ‘greed’ ni Bàbá Tíṣà gbọ́.

‘Ó ní ojúkòkòrò ló fà á o!’

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo ìjọ lẹ́nu. Láti ìjókòó iwájú ni akápò ti fọhùn: ‘Èmi kọ́ o!’

Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ké ‘Up NEPA!’ níta. Iná tàn, akápò ló wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò yọ́ bi mí pé ṣé bí a ti máa ń ṣe nìyẹn nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Mo ní, ‘Rárá, sà. Ojoojúmọ́ ló ń lọ, ohùn ta ni yóò gbà á?’

Lọ́jọ́ Ìsinmi, láìjẹ́ pé wọ́n bi í, akápò dìde, ó ka ìṣirò owó ìkórè. Owó páànù tí a ti ń wá láti èṣí wà nínú rẹ̀.