Ọjọ́ tí mo fi CC fẹjọ́ Màmá Akáǹtì sùn

Ọdún kejì tí mo débi iṣẹ́ kan n'Íbàdàn, owó ọkọ̀ tí mo fi rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta há sọ́dọ̀ àwọn akáǹtì. Obìnrin àgbà kan ló wà nídìí ẹ̀, Màmá Akáǹtì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo ti kọ ímeèlì sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, owó ò jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n múná lọ, tí ooru ń mú mi, mo fa fóònù yọ, mo sì fi lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀ kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé: ẸLẸ́Ẹ̀KẸTA RÈÉ O, ÌGBÀ WO LOWÓ MI FẸ́Ẹ́ JÁDE? Kò sí ìkíni, kò sí orúkọ. Kó lè tètè yá, mo fi àdírẹ́sì ọ̀gá àgbà sí CC, ibi tí wọ́n ń fi àdírẹ́sì ẹlòmíì tó máa gba ẹ̀dà ímeèlì sí. Oorun tí mo sùn lóru ọjọ́ náà dùn gan-an.

Ilẹ̀ mọ́, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti tẹ ímeèlì náà jáde sórí bébà, wọ́n sì ti fi báírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, bíi tísà tó ń máàkì. Wọn ò pariwo.

"Ọmọ mi, láti ìdí tábìlì rẹ dé ìdí tèmi, ṣé ó tó ogún ìṣísẹ̀?"

Mo ní kò tó.

"Kí ni mo wá ṣe fún ẹ tó o fi gbé ẹjọ́ mi lọ sáàfin kó o tó bi mí?"

Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi èsì tí wọ́n ti fún mi láti ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn hàn mí: kí n fi rìsíìtì ọkọ̀ ránṣẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lẹ́yìn ìkíni gígùn gbọọrọ. Ìkíni yẹn nìkan ni mo kà.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo rò pé ó ti tán. Màmá ní, "Èmi ti gbọ́. Ọ̀gá ńkọ́?" Bí mo ṣe padà sórí ímeèlì yẹn kan náà nìyẹn, mo tẹ Reply All kí èsì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ìlà mẹ́rin péré ni, àmọ́ ó gbà mí tó wákàtí kan. Ojú tó rí ìwọ̀sí náà ló yẹ kó rí ẹ̀bẹ̀.

Látinú "carbon copy", ìyẹn ẹ̀dà bébà kábọ̀n, ni CC yẹn ti wá. Láyé taipuráítà, wọ́n á ki kábọ̀n sáàárín bébà méjì kí ẹ̀dà lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹlòmíì tó yẹ kó gbọ́. Ẹ̀dà lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì tiwa níbí, bẹ́ ẹ bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, tẹ́ ẹ wá fi ọ̀gá rẹ̀ síbẹ̀ kó máa wò ó, ẹjọ́ lẹ fi sùn yẹn. Ní tèmi, mo máa ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, màá sì pe onítọ̀hún tàbí kí n lọ bá a. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá sọ fún un pé mo fẹ́ fi tó ọ̀gá létí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ yẹn ló máa ń parí sí. BCC, tí àwọn yòókù kì í rí ẹni tó gba ẹ̀dà, tiẹ̀ burú jù, ó dà bí ẹni tó fi èèyàn pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí èrò rẹpẹtẹ tí wọn ò mọra nìkan ló dáa, kí ẹ má baà tú àdírẹ́sì oníkálukú síta.

Ní ti ìkíni, mi ò lè kọ "Hi" àti orúkọ lásán sí ẹgbẹ́ ìyá mi, àfi tó bá ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìkíni kì í ṣe ti alága ìdúró. Ìlà kan ti tó, kí ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé e kíá. Orí ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? "Owó ọkọ̀ Abẹ́òkúta: rìsíìtì mẹ́ta" sàn ju "Kíákíá" lọ.

Tí inú bá ń bí mi báyìí, ìgbẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń fi àdírẹ́sì sí i, kí ọwọ́ mi má baà yára ju orí mi lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ni Gmail fúnra rẹ̀ máa ń fún èèyàn láti fa ímeèlì padà. Mo ti lọ sí settings, mo sún un dé 30.

Màmá ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ímeèlì kí mi, lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀. Mo dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ mà."