Ẹni tó fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́ ò rí kọ̀ǹpútà ẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Áàpù orí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń kọ, èyí tí wọ́n máa ń install tó ní wíńdò tiẹ̀ àti bọ́tìnì tiẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣí nínú browser, púpọ̀ nínú ohun tí mo sì mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ọwọ́ àwọn dẹfẹ́lọ́pà bíi tèmi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ ọ, àwọn tí n ò fojú kàn rí, tí wọ́n fara balẹ̀ ṣàlàyé títí nǹkan fi yé mi. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi máa ń dáhùn ìbéèrè nígbà tí mo bá ráyè. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí n rí ẹni tó ti sapá gan-an, tí ojú ẹ̀ ti rí màbo lórí kóòdù, kó wá jẹ́ pé bó ṣe bèèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lè dá a lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, áàpù mi ò ṣí lórí kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́mà, lórí tèmi ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ni kí n ṣe?" Ó tán. Kò sí nǹkan míì níbẹ̀.

Ẹ wò ó, tó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù ni, wàá fi líǹkì ránṣẹ́, màá ṣí i, ohun tó ò ń rí lèmi náà sábà máa rí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ wà lára ìṣòro: Windows wo ló wà lórí ẹ̀, ṣé 32-bit ni áàpù yẹn àbí 64-bit, .NET (ohun tí Microsoft ṣe, tí àwọn áàpù kan nílò kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́) wo ni wọ́n install, ṣé wọ́n fẹ ojú screen sí 150% ni, ṣé ẹni tó ń lò ó láṣẹ láti kọ nǹkan sínú Program Files, ṣé antivirus ò ti gbé fáìlì kan pamọ́, èdè wo ni wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà sí. Èmi tí mò ń ka ìbéèrè ẹ, n ò rí ìkankan nínú gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ò sọ ibi tó dúró sí, báwo lèèyàn ṣe máa júwe ọ̀nà fún un?

Ọ̀rọ̀ èdè tí mo mẹ́nu bà yẹn, àwọn kan lè rò pé kò tó nǹkan. Nínú C#, èdè kóòdù tí Microsoft ṣe, ní kí double.Parse (ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà) ka "3.14" lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, 3.14 lo máa rí. Gbé áàpù yẹn kan náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí ti Jámánì, 314 ló máa gbé jáde, torí kọ́mà làwọn fi ń ya odindi nọ́ńbà kúrò lára ìyókù, dọ́ọ̀tì wá wà fún ẹgbẹ̀rún. Kò ní sí error, áàpù ò ní kú, ìṣirò ló kàn máa dàrú. Èèyàn lè wo kóòdù yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú kó má rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n tẹ́ni tó bèèrè bá ti lè sọ pé "àwọn tó ń lò ó ní Jámánì nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún", lójú ẹsẹ̀ lẹnì kan máa sọ fún un pé kó fi CultureInfo.InvariantCulture sí i, èyí tí kì í wo èdè tí wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà sí. Gbólóhùn kan péré ló máa tú gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń rí jù ni ti áàpù tó ń hang. O tẹ bọ́tìnì, wíńdò dúró gbagidi, ó wá funfun, "Not Responding" jáde lókè. Bó ṣe rí nìyí: thread kan ṣoṣo (thread dà bí òṣìṣẹ́ inú áàpù tó ń ṣe iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan) ló ń ya wíńdò, òun náà ló ń gbọ́ kílíìkì àti kíbọ́ọ̀dù. Tó o bá wá gbé iṣẹ́ ńlá fún un, bíi kó máa ka fáìlì gbọ̀ọ̀rọ̀ tàbí kó máa dúró de database, kò ráyè gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́, tí Windows bá sì ti pè é tí ìṣẹ́jú àáyá 5 fi kọjá láìdáhùn, á gbà pé ó ti há nìyẹn. Èèyàn á wá lọ gbé iṣẹ́ yẹn sórí thread míì, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n thread tuntun yẹn á na ọwọ́ kan label (ọ̀rọ̀ tó wà lójú wíńdò) tààrà, WinForms, ìyẹn Windows Forms tí wọ́n fi ń ya wíńdò nínú C#, á pariwo pé "Cross-thread operation not valid". Gbogbo wa la mọ oògùn ẹ̀: dá iṣẹ́ tó kan wíńdò padà fún thread tó ni wíńdò. Ọ̀nà tá a ń gbà ṣe é ló yàtọ̀ láti toolkit kan sí òmíì, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ tá a fi ń ya wíńdò àti bọ́tìnì. Invoke ni ti WinForms, ti WPF wà lọ́wọ́ Dispatcher, Swing ní SwingUtilities.invokeLater, ẹni tó ń lo Qt á fi signal ránṣẹ́ sí slot, àwọn tó ń lo Tkinter sì máa ń kó èsì sínú queue kí after wá máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí tí "C# ni mò ń lò" ò fi tó nìyẹn o. Windows Forms ti wà látìgbà tí .NET àkọ́kọ́ jáde ní 2002, WPF tẹ̀ lé e ní 2006, méjèèjì ni wọ́n ń fi C# kọ, méjèèjì ló ní Button, méjèèjì ló ní TextBox, tó o bá já díẹ̀ nínú kóòdù ẹ sọ sójú pọ́ọ̀sì, ó lè ṣòro fún ẹni tó ń kà á láti mọ èwo ni. Ẹni tó mọ WPF á wá kọ ìdáhùn gígùn, wàá gbìyànjú ẹ̀, kò ní compile, wàá rò pé onítọ̀hún ò mọ ohun tó ń sọ, òun náà á sì bínú pé ó fi àkókò ẹ̀ ṣòfò. Ẹ kọ orúkọ toolkit àti version ẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́. Version ṣe pàtàkì gan-an: ẹni tó bá kó kóòdù PyQt5 wá sínú PyQt6, exec_() tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò sí mọ́, exec() ló kù. Lójú ẹni tó ń ràn ẹ́ lọ́wọ́, 5 tàbí 6 yẹn lè jẹ́ gbogbo ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ DLL, ìyẹn fáìlì kóòdù tí áàpù máa ń yá lò, ló tẹ̀ lé e. Áàpù ní òun ò rí DLL kan, o lọ wo fóldà, DLL yẹn wà níbẹ̀ gbangba. Orí á gbóná! Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé DLL yẹn fúnra ẹ̀ ń wá òmíì tí kò sí, bíi VCRUNTIME140.dll tó máa ń bá Visual C++ Redistributable wá, lórí kọ̀ǹpútà tìẹ ó ti wà nílẹ̀ torí pé o install Visual Studio, lórí ti kọ́sítọ́mà kò sí. Tó bá jẹ́ BadImageFormatException ló jáde, kọ́kọ́ wò ó bóyá 64-bit ló ń gbìyànjú láti gbé 32-bit. Àwọn tó ń lo Qt náà ní tiwọn, èyí tó ń sọ pé òun ò rí platform plugin "windows": ó ń wá qwindows.dll nínú fóldà tó ń jẹ́ platforms, windeployqt, irinṣẹ́ tó bá Qt wá, á bá ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbi tó yẹ, tíyẹn ò bá sì tó, ṣètò QT_DEBUG_PLUGINS sí 1 kó o tún un ṣí, á máa ka ibi tó ń wá a fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá kà jáde yẹn ni kó o gbé wá fún wa. Ẹni tó bá gbé e wá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa.

Ẹ má ya àwòrán kóòdù o. Mi ò lè copy àwòrán, mi ò lè run un, ẹni tó máa ní irú ìṣòro yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ ò sì ní rí i tó bá wá a lórí Google. Error náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé tí MessageBox lásán ti Windows bá jáde, tó o bá tẹ Ctrl+C, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ á wọ clipboard, kò dìgbà tó o bá fi fóònù yà á. Tí áàpù bá kú láìsọ ohunkóhun, ṣí Event Viewer, lọ sí Windows Logs, kó o wo abẹ́ Application, wàá rí "Application Error" tàbí ".NET Runtime" ní déédéé àsìkò tó kú yẹn. 0xc0000005 tó o máa ń rí níbẹ̀, access violation ni, ìyẹn ni pé áàpù fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kì í ṣe tiẹ̀, ó máa ń jẹ́ ká fura sí kóòdù C tàbí C++ tàbí driver kan dípò kóòdù C# tó o kọ́kọ́ fẹ́ kó sílẹ̀ fún wa.

Àpẹẹrẹ kékeré wá ni ọba gbogbo ẹ̀, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ṣí project tuntun, form (ìyẹn wíńdò) kan, bọ́tìnì kan, kó o máa kó ohun tó o fura sí wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ìṣòro yẹn á fi jáde níbẹ̀ náà. Má gbé project tó ní ọgọ́rùn-ún fáìlì wá fún èèyàn tó ń fi àkókò ìsinmi ẹ̀ ràn ẹ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn máa ń jáde fúnra ẹ̀ kó tó di pé o gbé ìbéèrè náà síta, torí wàá rí i pé form kékeré yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí tó o fi fi ohun kan pàtó kún un. Nígbà tó o bá ń ṣe é náà lo máa yọ password database kúrò, connection string (ìlà tó ń so áàpù mọ́ database), àti orúkọ ẹ tó máa ń wà nínú C:\Users, kò yẹ kí ìwọ̀nyẹn jáde síta rárá.

Kó o sì sọ ohun tó o fẹ́ ṣe gan-an, má sọ ibi tó há sí nìkan. Àpẹẹrẹ tí mo rí léraléra ni ti ẹni tó ń bèèrè ibi tó yẹ kó fi Application.DoEvents (tó ń jẹ́ kí wíńdò ráyè gbọ́ kílíìkì láàárín iṣẹ́) sí nínú loop ẹ̀. Tá a bá dá a lóhùn bó ṣe bèèrè, progress bar á máa lọ lóòótọ́, inú ẹ̀ á dùn, àfi ìgbà tẹ́nì kan bá tún tẹ bọ́tìnì yẹn nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò tíì parí, loop kejì á bẹ̀rẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, dátà á dàrú. Ká ló ti sọ pé "mo fẹ́ ka fáìlì ńlá kí progress bar máa lọ" ni, async àti await (tó ń jẹ́ kí wíńdò máa dáhùn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ) la máa júwe fún un, èyí tó ti wà nínú C# láti 2012, ọ̀rọ̀ DoEvents ò tiẹ̀ ní wáyé. Bí mo bá bi ẹ́ pé "kí lo fẹ́ fi ṣe?", kì í ṣe pé mò ń fojú di ẹ́ o, ibi tó ò ń lọ ni mo fẹ́ mọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ bá àwa tá à ń dáhùn náà sọ̀rọ̀. Láti 2008 tí Jeff Atwood àti Joel Spolsky ti dá Stack Overflow, ìkànnì tí àwọn dẹfẹ́lọ́pà ti ń bèèrè tí wọ́n sì ti ń dáhùn, sílẹ̀, ó ti wúlò ju bí mo ṣe lè sọ lọ, tí wọ́n bá sì ti ìbéèrè ẹ torí pé ẹnì kan ti bèèrè irú ẹ̀ rí, kì í ṣe èébú, tẹ líǹkì yẹn kó o kà á, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn ẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ pé kó lọ kàwé, tàbí kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí ò dán bú u, ìyẹn ò dáa, inú máa ń bí mi sí i. Ọ̀pọ̀ wa ni Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wa. Bi í léèrè version, bi í léèrè error, tó ò bá ní sùúrù fún un, fi í sílẹ̀ kẹ́lòmíì wá dáhùn.

Àwọn kan á ní AI ti wà báyìí, kí là ń da ara wa láàmú sí. Èmi náà ń lò ó, ó máa ń ràn mí lọ́wọ́ láti ka error gígùn. Àmọ́ lórí iṣẹ́ tiwa yìí ó máa ń po WPF mọ́ WinForms, á fún ẹ ní property tí kò sí nínú toolkit tó ò ń lò, ó sì máa ń dá ẹ lójú bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun náà ò rí kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́mà ẹ. Ní December 2022 ni Stack Overflow ti fòfin dè é pé kí wọ́n má fi í kọ ìdáhùn síbẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tó bá sọ, dán an wò nínú form kékeré yẹn kó o tó gbà á gbọ́.

Nígbà tó bá wá ṣiṣẹ́, ẹ padà wá kọ ohun tó ṣe é. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ o, ẹ ṣé gan-an ni" láìsọ nǹkan míì, ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pẹ̀lú error yẹn kan náà á kàn wò ó lójú ni. Kọ ohun tó fà á, ìlà tó o yí padà, àti version tó o lò. Tó bá sì hàn pé toolkit fúnra ẹ̀ ló ní bug, má parí ẹ̀ sí àárín wa: WinForms àti WPF ti wà ní gbangba lórí GitHub láti December 2018, Qt náà ní ibi tí wọ́n ń kó bug sí, form kékeré tó o ti ṣe sílẹ̀ yẹn náà ni kó o gbé lọ fún wọn, kó o fi líǹkì ẹ̀ sábẹ́ ìbéèrè ẹ kí àwa tó kù lè máa tẹ̀ lé e.