Kí A Tó Pè É Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ní Iléṣà níbí, bí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń sọ ọ̀kọ̀ bá ti ní ìbàdí ń dun òun, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè é. Wọn a se àgbo fún un, wọn a fi róòbù ra á, ó di orí pápá lọ́jọ́ kejì. Ohun tí iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ girama ní eré ìdárayá kọ́ mi ni pé ẹ̀yìn tó ń dun ọ̀dọ́ eléré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹ ní wíwò dáadáa.

Mo máa ń bi ọmọ bóyá ìgbà tó bá tẹ ara síwájú ló ń dùn ún, tàbí ìgbà tó bá tẹ ara sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ti títẹ̀ sẹ́yìn, tó sì fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ojú ibẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀. Eegun ọmọ tó ṣì ń dàgbà kò tíì gbó, títẹ̀ sẹ́yìn léraléra sì lè mú kí eegun ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn sán, pàápàá ìkarùn-ún nínú àwọn ti ìbàdí. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní spondylolysis. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995, ọ̀dọ́ eléré 47 nínú 100 tí ẹ̀yìn ń dùn ló ní in, nígbà tó jẹ́ pé 5 péré ni nínú 100 àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn.

X-ray tí kò fi nǹkan kan hàn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti padà sórí pápá, nítorí sísán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń pamọ́ fún un. MRI tàbí CT, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara fínnífínní, ló ń rí i. Owó MRI kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Bí kò bá sí owó, ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi eré ná, kí dókítà máa tọ́ yín sọ́nà, torí ìsinmi bí oṣù mẹ́ta wà lára ìtọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ìrora bá ń jí i lóru, bí ibà bá ń mú un, tó ń rù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, tàbí tí kò lè kó ìtọ̀ rẹ̀ ní ìjánu mọ́, ẹ má dúró dọ̀la: ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbí kò jìnnà. Ikọ́ ife lè wọ eegun ẹ̀yìn, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ SS lè ní àrùn inú eegun. Ẹ sọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún dókítà, kí ẹ sì sọ irú eré tó ń ṣe, torí wọn kì í sábà bèèrè ìyẹn.