Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Dìde Nínú Kíláàsì

Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ìlọrin lè wà ní ìjókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa fẹ́ ṣú. Kẹ̀kẹ́ Máráwá á gbé e dé ẹnu géètì ilé ìwé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì di aago méjì, lẹ́sìn ló tẹ̀ lé e. Bó bá jẹun tán, ó di ilé kéwú, orí ẹní ni á tún jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò bá ilé kéwú jà o, ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ Kùránì. Ṣùgbọ́n láyé tiwa ní Pakátà, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ síbi gbogbo, a ó ti sáré, a ó ti lé ara wa kiri, ká tó débẹ̀. Ìrìn yẹn ti pòórá, a ò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́ tí ara rẹ̀ á fi ṣiṣẹ́ débi tí èémí rẹ̀ á máa yára. Ti ọmọ ọdún 3 àti 4 tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣẹ́jú 180, ṣùgbọ́n 60 nínú rẹ̀ nìkan ló nílò kó le tó bẹ́ẹ̀. P.E., ìyẹn iṣẹ́ eré ìdárayá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí tíṣà tún máa ń gbà fún máàtì bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò lè tó.

Scotland ni mo wà, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ní 2012, Elaine Wyllie, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Ninian's ní ìlú Stirling, rí i pé bí àwọn ọmọ bá kàn sáré díẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa jáde fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lè sáré á sáré, ẹni tó bá fẹ́ rìn á rìn. Kò sí pípààrọ̀ aṣọ, kò sí ipò kìíní. Daily Mile ni wọ́n ń pè é. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stirling àti ti Edinburgh fi ilé ìwé tó ń ṣe é wé èyí tí kò ṣe é, wọ́n sì rí i pé ara àwọn tó ń ṣe é jí pépé sí i, ọ̀rá ara wọn sì dín kù. Èmi náà ń rí i níbi iṣẹ́: ọmọ tó ti ń yí pẹ́ńsù rẹ̀ kiri orí tábìlì á wọlé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tútù, á mí kanlẹ̀, á sì tẹjú mọ́ ìwé.

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ Prámárì 1 ní Tanke, nínú ilé tí wọ́n sọ di ilé ìwé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó ní, "Anti mi, níbo ni wọn ó ti sáré? Àárín mọ́tò ọ̀gá àti tánkì omi?" Ó tọ̀nà. Oòrùn oṣù kẹta ní Ìlọrin náà kì í ṣe ohun tí a ń lé ọmọ sí lọ́sàn-án gangan. Mo ní kó má wulẹ̀ wá pápá, kíláàsì tó.

Báyìí, wọ́n máa ń ti bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri. Àbúrò mi á pe "méjì lọ́nà mẹ́ta", àwọn ọmọ á fò, wọ́n á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á dúró lórí ẹ̀fà. Ẹni tó bá fò kọjá á padà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Prámárì 2 ní ariwo bàtà ń dí àwọn lọ́wọ́, ó sọ fífò di ìlóṣòó-dìde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí máàtì tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí oorun ń kùn wọ́n. Ní àárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú, ẹkùn mẹ́ran ni wọ́n ń ṣe níwájú ilé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìyà la sọ eré ìdárayá dà ní ilé ìwé wa. Ọmọ bá pariwo, frog jump. Ọmọ bá pẹ́ dé, pick pin. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ fẹ́ràn eré ìdárayá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ìwé ní Kwara, ẹ wá ọ̀nà mìíràn bá wọn wí. Àbúrò mi ti jáwọ́ nínú frog jump. Ọmọ tó bá ń pariwo jù ní kíláàsì rẹ̀, òun ló ń mú bọ́ síwájú kó máa pe nọ́ńbà fún àwọn yòókù.