Ní ìdí tábìlì bàtà

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí sínágọ́gù kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìjọ àwọn Júù ti máa ń gba àwọn tó ń wá ibi ìsádi lálejò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ gbígbóná, aṣọ òtútù àti owó ọkọ̀. Ìdí tábìlì bàtà ni wọ́n fi mí sí. Màmá àgbàlagbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ọmọdékùnrin kan, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà rẹ̀ wò bóyá ó fún un, wọ́n sì bá a so okùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá àwọn wà lára àwọn ọmọdé bí 10,000, tí Júù pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n kó sá kúrò lọ́wọ́ ìjọba Hitler wá sí Bìríténì láàárín ọdún 1938 sí 1939, láìsí òbí lẹ́yìn wọn. Tzedakah ni wọ́n ń pe irú ìtọrẹ yìí, ọ̀rọ̀ Hébérù tó sún mọ́ òdodo ju àánú lọ. Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí kò sẹ́ni tó wo àlejò kankan níbẹ̀ bí alágbe. Nígbà tí ọmọ náà dìde, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, kò sì gbà kí a bọ́ bàtà náà mọ́.