Tèmi ni Persib

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń bi mí pé kí ló kàn mí kan bọ́ọ̀lù Indonesia. Tí mo bá ti wọ jẹ́sì búlúù mi yẹn jáde ní Sátidé, ẹnì kan á ṣáà bi mí pé "Chelsea èwo tún nìyí?" Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi, torí náà màá kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá tún bi mí, líǹkì ni màá fi ránṣẹ́ sí i.

Essien ló fà á. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni, mo dùbúlẹ̀ lálẹ́, mò ń fi àtàǹpàkò yí Facebook lọ yí i bọ̀, àfi bí mo ṣe rí Michael Essien, Essien ti Ghana yẹn, nínú jẹ́sì búlúù. Mo ní hẹn-ẹn, Chelsea ti mú un padà! Mo fẹ fọ́tò náà, kì í ṣe Chelsea, Persib ni. Persib bí i ti báwo? Bí mo ṣe wọ Google nìyẹn, kí n tó mọ̀, ilẹ̀ ti mọ́.

Kí n má parọ́ fún yín, ọdún yẹn gan-an ò dáa fún wọn rárá. Carlton Cole, ẹ rántí ẹ̀ ní West Ham, òun náà dé síbẹ̀, ó gbá ìwọ̀nba máàṣì díẹ̀ láì jẹ góòlù kan, kò sì lo sáà yẹn parí tí wọ́n fi já a sílẹ̀. Essien ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, Persib sì parí sí ipò kẹtàlá. Ẹni tó ń gbádùn ara ẹ̀ ní Indonesia lọ́dún yẹn ni Odemwingie tiwa, Madura United lòun wà, àwọ̀n ló ń fà ya kiri. Ẹ bá mi fi orúkọ Madura yẹn pamọ́, ó ṣì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ipò kẹtàlá bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́, kí ló tún kù tó fẹ́ dẹ́rù bà á?

Orúkọ wọn ló kọ́kọ́ mú mi. Persib, ìkékúrú Persatuan Sepakbola Indonesia Bandung ni, ìyẹn Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Indonesia ti Bandung. Kò jọ nǹkan kan àbí? Ó dáa, ọdún 1933 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn, bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tó ń jẹ́ Indonesia. Àwọn òyìnbó Dutch ló ń jọba lórí gbogbo erékùṣù wọ̀nyẹn, orúkọ tí wọ́n fún un sì yàtọ̀, ọdún 1945 ni Indonesia ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde òmìnira. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn ará Bandung sọmọ lórúkọ nígbà tí ilé ò tíì sí. Mo ka ibẹ̀ yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó dìde.

Kí wọ́n tó máa jẹ́ Persib, wọ́n ti ń jẹ́ BIVB, orúkọ Dutch ni wọ́n fi pe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Bandung nígbà yẹn. BIVB yìí wà lára ẹgbẹ́ méje tó pàdé ní Yogyakarta ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1930 láti dá PSSI sílẹ̀, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Indonesia títí dòní. Ẹ ò rí i pé bọ́ọ̀lù wọn ti gba òmìnira ní ọdún 15 ṣáájú ìlú.

Àwọn òyìnbó náà ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Bandung, VBBO lorúkọ ẹ̀, àwọn ló sì ni pápá tó dáa láàárín ìlú. Àwọn ọmọ onílẹ̀, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n lé wọn sí, ní Tegallega àti Ciroyom. Ọ̀kan lára pápá àwọn òyìnbó yẹn ń jẹ́ Sidolig. Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ ẹnì kan ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé ìkékúrú ọ̀rọ̀ Dutch ni: Sport In De Open Lucht Is Gezond, ìyẹn ni pé eré ìdárayá ní gbangba ìta ń ṣe ara lóore. Ara ta ló ń ṣe lóore o? Ẹ kọ ọ́ sórí géètì kẹ́ ẹ wá ti onílẹ̀ síta! Lẹ́yìn tí Dutch kó ẹrù wọn lọ, Persib ló jogún Sidolig, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ṣe tíréènì níbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ yí orúkọ ẹ̀ padà. Èmi ni, mi ò bá ti yí i.

Nǹkan kan wà tó pa mí lẹ́rìn-ín, ọjọ́ orí wọn. Láti ìgbà tí gbogbo wọn ti gbọ́njú, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1933 ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ ìbí Persib, láìpẹ́ yìí làwọn onímọ̀ ìtàn wá túlẹ̀ ìwé àtijọ́, wọ́n ní rárá o, ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1919 ni, ẹgbẹ́ náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún 14 ni wọ́n fi kún un lójijì. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ọjọ́ orí bá máa yí padà nínú bọ́ọ̀lù, gbogbo wa la mọ ibi tó máa ń yí sí.

Bandung ò jìnnà sí Jakarta, kó jẹ́ bí Ìbàdàn sí Èkó báyìí, orí òkè ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, àwọn tó sì ni ín kì í ṣe Javanese, Sunda ni wọ́n, wọ́n ní èdè tiwọn. Ẹkùn ni wọ́n ń ki Persib, Maung Bandung. Ìtàn wọn ni pé ọba Sunda àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Siliwangi di ẹkùn, ó wọ igbó lọ, kò kú. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé ọba ò so kò ní ní kí wọ́n tún un ṣàlàyé. Pápá ìṣeré tí Persib lò fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ìlú, Siliwangi náà ló ń jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ń jẹ́ Gelora Bandung Lautan Api, òkun iná Bandung, torí pé ní oṣù kẹta ọdún 1946 àwọn ará ìlú fọwọ́ ara wọn ti iná bọ gúúsù Bandung, wọ́n sì kó jáde, kí ọmọ ogun tó ń bọ̀ má baà rí nǹkan gidi jogún. Ìlú tó bá lè jó ilé ara ẹ̀ kí ẹlòmíì má baà gbà á, ẹ lè fojú inú wo bí wọ́n ṣe máa ṣe ti bọ́ọ̀lù.

Àwọn tó ń tẹ̀lé Persib, bobotoh ni wọ́n ń pè wọ́n lédè Sunda, àwọn tó ń kíni láyà nìyẹn. Wọ́n pọ̀ kọjá sísọ. Ní 1978 Persib já wálẹ̀ láti ìpele òkè, ìtìjú ńlá ni, wọ́n bá lọ mú kóòṣì kan wá láti Poland, Marek Janota, kó wá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ló dàgbà tí wọ́n gbé wọn dé fáínà 1983, PSMS Medan lù wọ́n lórí pẹnáritì. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, fáínà tún dé, PSMS náà ló tún dúró dè wọ́n ní Senayan ní Jakarta. Máàṣì yẹn ni mo máa ń wá lórí YouTube tí nǹkan bá sú mi. Oṣù kejì ọdún 1985, wọ́n ní èèyàn 150,000 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ pápá yẹn ò gba tó bẹ́ẹ̀. Orí àga kún, ibi tí wọ́n ti ń sáré ìje kún, àwọn èèyàn wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìlà pápá gan-an, ẹni tó bá fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀ ti wọ inú bọ́ọ̀lù nìyẹn. Kò sí irin, kò sí wáyà. PSMS kọ́kọ́ jẹ méjì, Persib dá méjèèjì padà, ọ̀rọ̀ di pẹnáritì, wò-mí-kí-n-gbá-a-sí-ẹ, PSMS tún lù wọ́n. Àwọn kan náà! Ní ọ̀nà kan náà!

1986 ni wọ́n tó wá gbà á, òdo sí ọ̀kan, wọ́n na Perseman ti Manokwari, Djadjang Nurdjaman ló gbá a sáwọ̀n. Ẹ fi òun náà pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Madura.

Ní oṣù kẹfà 1994 AC Milan ṣèbẹ̀wò sí Indonesia, wọ́n ní kí Persib wá bá wọn gbá. Milan yìí náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ na Barcelona ní mẹ́rin sódo ní fáínà Europe. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mẹ́jọ sí òdo. Bobotoh tó bá ti dàgbà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ "mẹ́jọ" níwájú ẹ̀, ojú lásán ló máa fi wò yín.

Ohun tó wá dùn níbẹ̀ ni pé ìgbà yẹn náà ni ògo wọn ń bọ̀. Lọ́dún yẹn ni wọ́n pa líìgì méjì tó wà tẹ́lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ẹni tó bá lówó sì lè mú òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú wá, Roger Milla wa ti Cameroon wà lára àwọn tó dé. Persib ò mú ẹnì kankan. Ọmọ ilé nìkan ni, Robby Darwis ni balógun ikọ̀, Indra Thohir ni kóòṣì. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1995 ni fáínà, Petrokimia Putra tó ní àwọn ọmọ Brazil nínú ni wọ́n bá pàdé. Jacksen Tiago gbá a wọlé fún Petrokimia, rẹfirí ní ọ̀fúsáìdì ni (àwọn ará Gresik, ìlú Petrokimia, ò tíì gbà títí dòní). Nígbà tó di ìṣẹ́jú 76, Sutiono Lamso gbá ọ̀kan ṣoṣo sáwọ̀n, ó tán. Líìgì Indonesia àkọ́kọ́, àwọn tí wọn ò ra ẹnikẹ́ni ló gbé e lọ ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 19 kọjá láìsí nǹkan kan. Mi ò ní fa ibẹ̀ gùn. 2014 ni, ní Palembang, Persipura ni wọ́n bá gbá fáínà, méjì sí méjì, ó tún di pẹnáritì, ẹ̀rù yẹn náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Persib ló jẹ ẹ́, márùn-ún sí mẹ́ta. Ta ni kóòṣì? Djadjang Nurdjaman. Òun náà ló gbá bọ́ọ̀lù 1986. Kí wọ́n tó jẹ adùn ife náà tán, FIFA ti PSSI pa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, líìgì dúró gbagidi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó, irọ́ ni mò ń pa fún yín. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, kí Persib tó gbá Persija Jakarta nílé, àwọn bobotoh kan lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa níta pápá, torí pé Persija ló ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe òun àkọ́kọ́ nínú ìjà Bandung àti Jakarta, àwọn bobotoh tiẹ̀ ti lu bobotoh bíi tiwọn pa lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ṣèèṣì rò pé ọmọ Persija ni. Wọ́n dá líìgì dúró, wọ́n lé Persib lọ máa gbá bọ́ọ̀lù ilé ní Kalimantan, erékùṣù mìíràn, láìsí èrò. Persib ló wà lókè tábìlì nígbà yẹn, wọ́n já bọ́, Persija ló sì gbé ife lọ́dún yẹn. Mo bọ́ jẹ́sì mi sínú báàgì, ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó tún wọ̀ ọ́. Ìyá kan bí ọmọ, ọmọ lọ wo bọ́ọ̀lù.

Mo padà ṣá. 2024 ló dé: Bojan Hodak, ọmọ Croatia, ni kóòṣì, Marc Klok ni balógun ikọ̀, Amsterdam ni wọ́n bí i, ó ti di ọmọ Indonesia. Àwọn Dutch tó lé wọn lọ sí ẹ̀yìn ìlú níjọ́ kìíní, ọmọ wọn ló wá ń ṣáájú ikọ̀. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, Victor Igbonefo, náà wà nínú ikọ̀, Enugu ni wọ́n bí i, ó dé Indonesia ní kékeré, ó gba ìwé ọmọ onílùú, ó ti lé ní ọdún 38. Fáínà, Madura United. Mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́. Mẹ́ta sódo nílé, mẹ́ta sí ọ̀kan lọ́hùn-ún. Alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, ibi iṣẹ́ ni mo wà, mo fi fóònù ti ara ike ìrẹsì mi, dátà ń ṣe kìrà kìtà, góòlù kẹta ti wọlé kí tèmi tó kúrò lórí kọ́nà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbà á.

Lálẹ́ ọjọ́ 2024 yẹn mo lọ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fọ́tò bàbá àgbàlagbà kan ní Bandung, "Persib nu aing", tèmi ni Persib, bí gbogbo wọn ṣe máa ń pariwo ẹ̀. Ọ̀dọ́ kan yára wọ inbox mi, ó ní kí n rọra o, "aing" yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí àgbà lédè Sunda, bí ẹni ń pe bàbá olóbàá ní "ìwọ" ni, "abdi" lẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́ ń sọ. Ara mi bù máṣọ. Mo sáré padà kí n lọ pa á rẹ́, bàbá ti fèsì: ó bi mí níbo ni mo wà, mo ní Nàìjíríà. Ó ní "Igbonefo!" Ó fi ọkàn búlúù mẹ́ta sí i. Ó wá kọ ọ́ síwájú, "nu aing."